Ọmọ Tí Mo Fi Fóònù Tọ́

Jímọ́ọ̀ kan báyìí, àáfà wa ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò ń ṣe wáàsí, ó ní òbí tó bá ra fóònù fún ọmọ kékeré, ejò ló rà lé e lọ́wọ́. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ṣe ni gbogbo orí ń mì, "bẹ́ẹ̀ ni o, òótọ́ ni o," ni wọ́n bá yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé wọ́n pe orúkọ mi. Mo ní, "Kí lẹ ń wò?" Mo sọ ọ́ sókè o. Ìyá mi tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Ní Ìlá níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọmọ mi ti ní fóònù tirẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì lè wẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi ni mo rà á. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe wáàsí, kó wá fi mí ṣe é lójú mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi fóònù náà wá: kí ọmọ mi má baà gbàgbé mi. Mi ò fi wá ọ̀làjú, mi ò fi ṣe fáàrí. Kí n ṣáà padà wálé, kí ọmọ tí mo bí sì mọ̀ mí ní ìyá, ìyẹn nìkan.

Bàbá rẹ̀ ń wa takisí láàárín Ìlá àti Ọ̀tan Ayégbajú. Àìsàn tí kò pẹ́ rárá ló gbé e lọ, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Télọ̀ ni mí, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́nà ọjà, ṣùgbọ́n láyé òkìrìkà yìí, ta ló tún ń rán ṣòkòtò ọmọdé? Nígbà tí obìnrin kan tó ń mú èèyàn lọ ṣiṣẹ́ ilé ní ilẹ̀ Lárúbáwá dé àdúgbò wa, mo tẹ̀lé e. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu ni. Àwọn àgbà ilé ní kí n má jẹ́ kó rí mi tí mò ń lọ, pé ẹkún ọmọ kò dára lẹ́yìn arìnrìn-àjò. Mo bá lọ nígbà tó ń sùn lẹ́yìn ìyá mi. Títí dòní, inú ń bí mi sí àwọn àgbà yẹn, ìyá mi pàápàá sì wà nínú wọn.

Bí ẹ ò bá gbé agbo ilé rí, ẹ ò ní mọ ohun tí ojú mi rí lórí ìpè. Fóònù ìyá mi ni mo ń pè. Ìpè tó bá sì ti òkè òkun wá, ti gbogbo ilé ni, ọwọ́ àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Yóò kí mi, yóò kí àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, yóò kí ìlú tí mo wà, yóò wá bẹ̀rẹ̀ àdúà, èmi á sì máa ṣe àmín. Ó di ọ̀dọ̀ ìyáálé. Ó di ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì. Ó di ọ̀dọ̀ ìyá mi. Kí fóònù tó dé ọwọ́ ọmọ tí mo torí ẹ̀ pè, ìyáàfin ilé tí mo wà ti ń jágbe mọ́ mi láti pálọ̀. Mo sì ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ọmọ: "Kúnlẹ̀! Ṣé o kúnlẹ̀? Kí ìyá ẹ! Sọ pé ẹ kú iṣẹ́!" Ọmọ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo ní, "Kí lo jẹ láàárọ̀?" Wọ́n ní, "Sọ pé ẹ ṣé!" Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó parí nìyẹn.

Mo fara dà á, mo fara dà á, ó sú mi. Mo ra fóònù kan, mo fi rán obìnrin ará Ìlọrin kan tó ń bọ̀ wálé. Ariwo ta. Olórí ilé ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, kí ọmọ tí kò tíì lè gbé omi máa dá gba ìpè òkè òkun nígbà tí àgbà wà nílé? Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, orí ọmọ náà ni mo fẹ́ rí." Háà! Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún bá mi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ayé mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀yìnkùlé wa, nídìí igi obì, ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dáa, ibẹ̀ lọmọ mi máa ń gbé fóònù lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un níbẹ̀ pé kó kúnlẹ̀. Orí gbòǹgbò ló ń jókòó sí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á sún ojú mọ́ fóònù débi pé ihò imú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ìgbómìnà ló ń bá mi sọ, Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ tí ìyá mi ń sọ, kì í ṣe Yorùbá inú rédíò. Ó ń fi eyín tó ń mì hàn mí. Ó ń fi ọmọ ewúrẹ́ hàn mí. Ó fi wàláà rẹ̀ láti ilé kéwú hàn mí, ó sì gbé e dorí kodò. Lórí fóònù ni mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀. Lórí fóònù náà ni mo ti bú u nígbà tó jí ẹran nínú ìkòkò, tó sunkún, tí mo sì ń tù ú nínú títí ó fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ó gbé fóònù ti ìkòkò omi, èmi ń lọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni lọ́hùn-ún, mò ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sunkún pé àwọn ọmọ àwọn kò mọ àwọn mọ́. Mo máa ń káàánú wọn lójú, bí wọ́n bá kẹ́yìn, mo ń pòṣé. Ẹ ò ṣe ra fóònù? Tèmi mọ̀ mí. Tèmi ń bínú bí mi ò bá pè, tèmi ń ṣagídí, tèmi ń tọrọ nǹkan. Ṣé ọmọ ń ṣagídí sẹ́ni tí kò mọ̀ ni? Mo fọ́nnu, àní mo fọ́nnu kọjá àlà.

Ọjọ́ tí mo padà wálé, láti Òṣogbo ni mo ti pè é, mi ò sì gbé fóònù náà kúrò létí. A dé Ìkìrun, mo sọ fún un. A dé Ọ̀tan, mo sọ fún un. Ó ń pariwo, "Mọ̀mí, ẹ ní kí dírẹ́bà yára! Ẹ ní kó yára!" Àwọn èrò ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó gbé iṣu bọ̀ láti Ìrèsí ní, "Ìyá ọmọ, wàá jèrè ẹ̀." Mo ní àmín. Ọkọ̀ já mi sílẹ̀ níwájú ilé wa. Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà létí rẹ̀, tèmi náà wà létí mi. Ó wò mí. Ó wo fóònù. Ó tún wò mí. Mo ní, "Ọmọ mi," mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa fóònù, ó tì í bọ àpò aṣọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Mo gbé e dìde, mo dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ le gbagidi. Kò gbé apá sókè, ó kàn dúró kí n ṣe tán. Bí mo ṣe tú u sílẹ̀, ó gba báàgì mi, ó wọlé, ó gbé omi wá nínú gíláàsì tí ìyá mi máa ń kó pamọ́ de àlejò. Ó fi tíréè gbé e, ó tún kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Gbogbo ilé ń yìn ín. "Ẹ wọmọ tó gbẹ̀kọ́! Ìyá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Inú ìyá mi ń dùn ṣìnkìn. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí mo rí. Ọmọ kì í fi tíréè gbé omi fún ìyá rẹ̀ nílé wa, ife ló ń fi bù ú, á sì ti mu níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo mu omi náà, mo dá gíláàsì padà sórí tíréè.

Wọ́n ní ojú ló ń tì í. Ojú ò tì í lórí fóònù, ojú wá ń tì í nílé? Mò ń wò ó. Nílé, kò pè mí ní nǹkan kan. "Wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀, mà." "Wọ́n ní kí n wá kí yín, mà." Yorùbá tí wọ́n fi ń ka ìròyìn ló ń bá mi sọ, bó bá sì yíjú sí ìyá mi báyìí, Ìgbómìnà á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ wàrà-wàrà. Bí mo bá nawọ́ sí abọ́ tí mo fi jẹun, á sáré gbà á. Lọ́jọ́ kan mo fà á, òun náà fà á, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mà. Àlejò kì í fọ abọ́." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi o. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́. Mo fi abọ́ sílẹ̀, mo wọ yàrá, mo fi ìró bojú.

Mo ní kí n bá a dirun. Ìgbà tí mo wà lọ́hùn-ún la ti jọ fẹnu kò lórí ṣùkú náà, òun gan-an ló fi ìka ya ojú ẹ̀ lórí fún mi. Mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi. Ṣé ẹ mọ bí ọmọ ṣe ń fi orí lé itan ìyá ẹ̀ tó bá ń dirun, tó máa sùn lọ, tí itọ́ á máa yọ lẹ́nu ẹ̀? Ọmọ mi na ọrùn gan-an bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ onídìrí tí kò mọ̀ rí. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?" "Rárá, mà." Mo bẹ ojú wò ó, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀ pòròpòrò. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ?" Ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wá a títí nínú ilé. Mo wá gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀rín tí mi ò tíì gbọ́ látìgbà tí mo ti dé. Mo rọra lọ. Ó na ẹsẹ̀ sórí gbòǹgbò igi obì, ó gbé fóònù láyà, ohùn mi ni mo sì gbọ́ níbẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi bá dí lọ́hùn-ún, mo máa ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i: èmi tí mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń hanrun, èmi tí mò ń kọrin fún un. Àwọn yẹn ló ń gbọ́. Ó sì ń dá mi lóhùn. Ó ń sọ fún fóònù ohun tí wọ́n ṣe nílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo sì wà nílé o! Mo ti bi í, "Báwo ni ilé ìwé?" ó sì ní, "Dáadáa ni, mà."

Inú bí mi. Kí n má parọ́, kì í ṣe inú bíbí lásán, owú ni. Ara mi ni mò ń jowú. Mo já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, "Èmi rèé! Èmi náà rèé níwájú ẹ! Ìyá ẹ ti dé, kí lo tún ń fi èyí ṣe?" Ó dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wolẹ̀. Mo ti fóònù náà mọ́nú àpótí mi, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó kàn ń dákẹ́ sí i ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, á máa fi ìka yí i kiri inú abọ́. Àáfà ilé kéwú ránṣẹ́ pé kò lanu ké kéwú mọ́. Ìyá mi pàápàá, kò bá a sọ̀rọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó ń rù, ọrùn aṣọ rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, mo mú aṣọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo dín in kù, èmi tí mo rán an.

Ìyá mi fara dà á títí, ó wá pè mí sí kọ̀rọ̀. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ lo ra ìyá fún un. Ìwọ náà lo tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo ní, "Mámà, èmi ni ìyá ẹ̀!" Mo kígbe mọ́ ọn, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ó ní, "Ta ló ní kì í ṣe ìwọ? Mo kọ́ ọ kó kúnlẹ̀ fún ẹ, ó ń kúnlẹ̀. Mo kọ́ ọ kó kí ẹ, ó ń kí ẹ. Èyí tó kù yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ." Ló bá bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. A jókòó síbẹ̀, ìyá àtọmọ, mo gbórí lé e léjìká, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Mo rò ó nínú mi pé irú èyí gan-an ni èmi àti ọmọ mi kò ní ní.

Mo dá fóònù padà fún un. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo jáde nílé, mo gba ẹ̀yìn ògiri ọgbà wa, mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko, mo pè é. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ̀mí!"

Háà, Ọlọ́run Ọba. Ọmọ mi nìyẹn. Ìgbómìnà ló fi bẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ dúró mí. "Mọ̀mí, ibo lẹ lọ látijọ́ yìí? Mo ti ń wá yín. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Ta ló gbà á?"

Ó ní, "Àǹtí tó dé sílé wa ni."

Mo ṣáà ní, "Ṣé wọ́n burú ni?"

"Rárá o, wọn ò burú. Wọ́n máa ń pariwo ni. Wọ́n sì ń wò mí ṣáá. Bí mo bá ń jẹun, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá ń fọ ẹnu, wọ́n ń wò mí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ má sọ fún wọn o."

Mo ní mi ò ní sọ.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ó mọ̀ pé èmi tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ni mo máa wọlé láìpẹ́, tí òun máa kúnlẹ̀ fún. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́. Bí a bá fẹnu kàn án pẹ́nrẹ́n, èyí tó kù lọ́wọ́ wa náà máa bọ́.

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Mo ti tún ṣí ṣọ́ọ̀bù mi, aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán. Bí mo bá ti kírun àsárì tán, mo ń lọ jókòó sórí òkúta, mo ń pe ọmọ tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà. Àwọn tó ń ti oko lọ́nà Ọ̀rà bọ̀ á kí mi, wọ́n á ní ẹ̀yin àti fóònù yìí náà! Mo ń fi ọwọ́ dá wọn lóhùn. Bí mo bá délé, ọmọ á kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, mà," á gbé omi wá lórí tíréè. Mo ti gbàdúà, mo ti ṣe sàárà. Mo mú un lọ kí àwọn ará bàbá rẹ̀ l'Ọ̀tan, mo ní bóyá bó bá jẹ́ àwa méjì lójú ọ̀nà, á rọ̀. Nínú takisí, ó lẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wa débi pé dírẹ́bà gbé ẹlòmíì sí i. Ọkùnrin kan ni, ó gbé àpò kòkó lé itan. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ lọ́kàn mi pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a wà lórí fóònù, ó ti sọ ti ilé ìwé, ó ti sọ ti ewúrẹ́. Ó ní, "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ máa padà?"

"Padà síbo, ọmọ mi?"

"Síbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀." Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa ń pè mí láàárọ̀, ẹ máa ń pè mí lọ́sàn-án. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀mí. Ẹ padà."

Obìnrin tó mú mi lọ nígbà àkọ́kọ́ ṣì ń mú èèyàn lọ. Mo wo ọ̀nà oko. Mo wo páànù ilé wa tó yọ lókè ògiri. Mo ní, "Ó dáa. Mi ò ní pẹ́ lọ."

Ó hó yèè. Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ nínú fóònù. Etí kejì ni mo fi gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri, ọmọ mi, tó ń fò sókè, tó ń pàtẹ́wọ́, tí ìyá mi ń bi í pé kí ló dé tínú ẹ̀ ń dùn tó báyìí.